Láti Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ: Bí Ẹ Ṣe Máa Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Lọ Wo Oko àti Ọ̀sà, Kí Ẹ sì Padà Sùn Sílé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti jáde nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù ní ìdájí pé àwọn ń lọ fi ọkọ̀ ojú irin gbafẹ́, tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wọn ní Mọ́níyà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn, tí wọ́n wá ń pe ìbátan tí wọn kò kí láti ọjọ́ pípẹ́ pé kó fún àwọn ní ibi tí àwọn máa sùn sí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tó ń dá wa dúró kò ju ẹyọ kan lọ: a fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin lọ, a tún fẹ́ fi bọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ó parí.

Ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìrìn onígun mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe: ẹ fi mọ́tò lọ sí Láderin ní Abẹ́òkúta, ẹ fi ọkọ̀ ojú irin sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, lẹ́yìn náà ẹ fi mọ́tò gba ọ̀nà míì wálé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é báyìí, n kò sì tíì tún sun ilé ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ máa nílò

Káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà NIN yín, kí orúkọ tí ẹ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì bá tinú káàdì mu. Fóònù tí iná kún inú rẹ̀, pẹ̀lú páwá báǹkì bí ẹ bá ní. Káàdì báǹkì, àti owó wẹ́wẹ́ fún ọlọ́kadà àti dánfó. Àwọn yẹn kò ní ṣẹ́ńjì láàárọ̀. Aṣọ òtútù fẹ́lẹ́ kan, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ lè mú àgbàlagbà gbọ̀n. Omi, àti oúnjẹ tí kò ní ọbẹ̀: ọ̀jọ̀jọ̀, mọ́ínmọ́ín ewé, ẹyin sísè, gúgúrú àti ẹ̀pà. Ìkọ́kọrẹ́ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílé. Mo ti rí ẹni tí tirẹ̀ dà sí orí agbádá ẹni ẹlẹ́ni.

1. Ẹ yan ọjọ́

Sátidé ló wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn, ọjọ́ yẹn náà sì ni gbogbo Èkó ń lọ sí òde. Bí iṣẹ́ yín bá gbà á, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dára jù. Ẹ yẹra fún Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù: ìpàdé òru àwọn Rìdíìmù máa ń kó ọ̀pọ̀ mọ́tò sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà yẹn sì lè jẹ́ ọ̀nà ilé yín. Ọjọ́ kẹta Iléyá ńkọ́? Ọjúde Ọba ni. Ẹni tó fẹ́ jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà kò ní rí ọ̀nà, ẹni tó fẹ́ wọlé kò ní rí ibi gbé mọ́tò sí.

Ní ti oṣù, láti Òkudù sí Ọ̀wàrà ni oko máa ń tutù yọ̀yọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku á bo gbogbo nǹkan débi pé ọ̀pẹ tó wà nítòsí nìkan lẹ máa rí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ọjọ́ tí ẹ yàn gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ àárọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó nínú àtẹ àkókò. Bí kò bá sí, ẹ mú ọjọ́ míì. Àtẹ náà máa ń yí padà, kò sì fi gbogbo ìgbà bára mu láàárín ọ̀sẹ̀ sí òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ má gbára lé èyí tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá.

2. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mọ orúkọ ibùdó

Ojú òpó Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà, ìyẹn NRC, ni kí ẹ ti rà á ṣáájú. Ipò mẹ́ta ló wà. Ti gbáàtúù tó fún ìgbafẹ́; oko kan náà ni gbogbo wa ń wò lójú fèrèsé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni orúkọ. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Òkudù 2021, orúkọ ènìyàn ni àwọn ibùdó rẹ̀ ń jẹ́, ẹni tó bá sì ń wá «Abẹ́òkúta» lè má tètè rí i. Bí wọ́n ṣe tò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ nìyí: Mọ́níyà ní Ìbàdàn ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Omi-Àdìó ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá, Olódó ń jẹ́ Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, Láderin ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, Papalántò ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, Kájọlà ń jẹ́ Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, Agbádo ń jẹ́ Látéèfù Jákàńdè, Agége ń jẹ́ Babátúndé Fáṣọlá, Ẹ̀búté Mẹ́tta ń jẹ́ Mọ́bọ́lájí Johnson. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró ní gbogbo wọn.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú irin kò yà sí Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ Rẹ́mọ kún ojú ọ̀nà rẹ̀: Awólọ́wọ̀ àti Ọ̀ṣínbàjò, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n, bàbá Ṣóyínká náà, Ìsarà ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó sì to Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó tó gẹ́ẹ́.

Wọlé Ṣóyínká lẹ máa yàn fún ibi tí ẹ ti ń wọkọ̀, Mọ́bọ́lájí Johnson fún ibi tí ẹ ti ń bọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún aago pẹ̀lú. Aago tí wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà ni ti ibùdó àkọ́kọ́, ìyẹn Mọ́níyà. Ìrìn kìlómítà 157 yìí máa ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ látòkè délẹ̀, Abẹ́òkúta sì wà ní nǹkan bí àárín rẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún wa: ẹni tó máa wọ ọkọ̀ kan náà ní Mọ́níyà ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ṣáájú yín dáadáa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* orí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi ibùdó méjèèjì hàn, ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ìjókòó. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, nítorí nẹ́tíwọ̀kì lè sá lọ ní ẹnu ọ̀nà gan-an.

3. Ẹ dé Láderin, ẹ má dé Lafẹ́nwá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ìrìn yìí, mo sọ̀ ní Abẹ́òkúta, mo sọ fún ọlọ́kadà pé, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi dé rélùwéè.» Ó gbé mi dé Lafẹ́nwá. Kò purọ́, rélùwéè ni. Rélùwéè àtijọ́ ni. Nígbà tí mo fi máa dé Láderin, ọkọ̀ ti lọ.

Ojú irin méjì ló wà, wọn kò sì fẹ̀ bákan náà. Ti àtijọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 1,067 láàárín irin kan sí èkejì, ti tuntun fẹ̀ ní 1,435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì, nítorí náà wọ́n kọ́ ibùdó tuntun síbòmíràn. Bó ṣe jẹ́ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn: ní Abẹ́òkúta, Lafẹ́nwá ni ti àtijọ́, Láderin ni tuntun; ní Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ àti Mọ́níyà; ní Èkó, Ìddó àti Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ẹ má sọ «rélùwéè» fún awakọ̀ kankan. Ẹ sọ pé «Láderin, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tuntun», kí ẹ sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ kí ẹ tó gòkè.

Láti Ṣágámù, ọ̀nà Ṣíun ló lọ tààrà. Ẹ ka wákàtí kan, kí ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un fún ìjókòó gáréèjì, torí mọ́tò kì í gbéra láìkún. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ka wákàtí méjì. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó gba mọ́tò kan lódidi. Ó máa ń mọ́gbọ́n wá ju kí ẹ máa dúró de èrò.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọ̀rù àti Àgọ́-Ìwòyè á sọ pé, «Ìbàdàn ló sún mọ́ wa jù.» Òótọ́ ni, àmọ́ apá ìsàlẹ̀ Ìbàdàn ló sún mọ́ yín. Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ máa gbà wọ ìlú. Mọ́níyà wà lókè pátápátá, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Kí ẹ tó la Ìbàdàn kọjá láàárọ̀, ẹni tó gba Láderin ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ń bó ẹyin jẹ. Ẹ̀yin náà máa ní láti jáde nílé nínú òkùnkùn, èyí tí n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Kí ojúmọ́ mọ́ kí ẹ tó bọ́ sọ́nà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* orúkọ Wọlé Ṣóyínká gbọ́dọ̀ wà lára ilé tí ẹ dúró sí iwájú rẹ̀, kí ó sì ku ó kéré tán ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí ọkọ̀ tó dé. Wọ́n máa yẹ àpò wò, ìlà sì lè gùn.

4. Ìjókòó: ẹ̀gbẹ́ wo ni oòrùn wà?

Kékeré ni ìgbésẹ̀ yìí jọ, òun ló sì ń ba ọjọ́ jẹ́. Ènìyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á dé ní àsìkò, oòrùn á wá bá a wí látìgbà tó jókòó títí dé Èkó. Á fa aṣọ fèrèsé, á sùn. Kí ló wá lọ wò?

Abẹ́òkúta sí Èkó, apá gúúsù lẹ kọjú sí. Oòrùn àárọ̀ wà ní ìlà-oòrùn, ìyẹn ọwọ́ òsì yín. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń ti Èkó gòkè láàárọ̀, ọwọ́ òsì ni. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ yí méjèèjì padà.

Ọ̀tún àti òsì tí mò ń wí ni ti ẹni tó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìjókòó máa ń kọjú síra wọn, nítorí náà bí ẹ bá kẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ọwọ́ yín ti yí padà nìyẹn. Nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì lè gbé yín sí ẹ̀gbẹ́ tí kò dáa. Ẹ jókòó síbẹ̀ náà títí ọkọ̀ á fi gbéra, kí ẹ wá wò bóyá àyè ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́. «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè jẹ́ kí n wo ìta díẹ̀?» Ẹni tó bá ń lọ sí ibi iṣẹ́ kì í bìkítà fún fèrèsé. Àmọ́ ẹ má lọ gba ìjókòó oníjókòó kí ọkọ̀ tó gbéra, ìjà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn kò gbọdọ̀ sí lójú yín. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti ṣi ẹ̀gbẹ́ mú.

5. Nínú ọkọ̀

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni oko wà: ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ, oparun, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí, ilé oko kan ṣoṣo pẹ̀lú páànù tó ti dógùn-ún. Bí ẹ bá ń súnmọ́ Papalántò, agbègbè Ewékorò lẹ dé yẹn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn Kájọlà, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Ní Agbádo, oko ti tán. Láti ibẹ̀ wọ Èkó, ọkọ̀ pupa ti ìjọba Èkó, Red Line, náà ń lò lára ojú irin yìí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ pàdé rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn ni ojú irin ń gbà kọjá níbẹ̀: aṣọ sísá, géńẹ́rétọ̀, àwọn ọmọdé tó ń juwọ́. Ẹ juwọ́ sí wọn.

Ẹ má ya àwòrán àwọn agbófinró. Ẹ má sì lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn nítorí fídíò.

Ẹni tí kò bá nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀sà lè sọ̀ ní Agége, bí ọkọ̀ yín bá ń dúró níbẹ̀, nítorí Berger kò jìnnà síbẹ̀, mọ́tò Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde sì wà ní Berger. Àmọ́ ìdajì ìgbafẹ́ lẹ jẹ yẹn.

6. Láti Ẹ̀búté Mẹ́tta sórí omi

Ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ẹ wọ dánfó tàbí mọ́tò àdáni lọ sí Ìgànmú, lẹ́bàá Tíátà Orílẹ̀-Èdè. Ibùdó Blue Line wà níbẹ̀. Ọkọ̀ oníná mànàmáná ni, ó ń ná láti Mile 2 sí Marina, èrò sì ti ń wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2023.

Tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé kò sí níbí. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, káàdì kan náà tí àwọn ará Èkó fi ń wọ bọ́ọ̀sì BRT. Ẹ rà á ní ibùdó, ẹ kówó sí i, kí ẹ fi kan ẹ̀rọ ẹnu géètì bí ẹ bá ń wọlé àti bí ẹ bá ń jáde. Káàdì kan fún ẹnì kan ni. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n fẹ́ fi ẹyọ kan wọlé. Ọkọ wọlé, géètì pa dé mọ́ ìyàwó.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí tí kò sí fún ọkọ̀ Ìbàdàn. Dísù ló ń wa ọkọ̀ Ìbàdàn. Iná ló ń wa tibí, irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó kù ló sì gbé iná náà. Bí fìlà tàbí fóònù yín bá já bọ́ sí ojú irin, ẹ pe òṣìṣẹ́ ibùdó. Ẹ má sọ̀kalẹ̀, kódà kí ọkọ̀ máà sí nítòsí. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú.

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Ìgànmú, ẹ dúró sí ọwọ́ ọ̀tún. Láìpẹ́, ilẹ̀ á tán lábẹ́ yín, omi á bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ ojú omi ńláńlá lápá Àpápá, ọkọ̀ ìpẹja kéékèèké láàárín wọn, àwọn ilé gogoro Marina níwájú. Kì í pẹ́ rárá. Mo máa ń gùn ún lọ, gùn ún bọ̀, kí n tún padà wá sí Marina, nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì lé mi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí owó tó máa gbé yín padà ṣì wà nínú káàdì kí ẹ tó jáde ní Marina, bóyá ẹ máa lò ó tàbí ẹ kò ní lò ó.

7. Ọ̀nà ilé

Aago mẹ́ta ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá yín ní Marina. Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára. Bí aago mẹ́rin bá fi lù, gbogbo òṣìṣẹ́ Erékùṣù ni yóò dà sójú ọ̀nà, ẹ ò ní rí ọ̀nà ilé mọ́.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, Berger ni kí ẹ gbà, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ títí dé Ṣágámù. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde náà lè gba ibẹ̀, àmọ́ bí ojúmọ́ bá ṣì wà dáadáa, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ràn: Marina sí Ajáh, Ajáh sí Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ máa wọ mọ́tò tó mẹ́ta, ó sì lè gùn díẹ̀ ju ti Berger lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sà tí ẹ rí láàárọ̀ lẹ tún máa pàdé ní Ẹ̀pẹ́, láìsí ilé gogoro kankan. Bí ó bá di aago mẹ́rin kí ẹ tó kúrò ní Erékùṣù, ẹ gbàgbé ọ̀nà yìí, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo ayé ń lọ sápá Ajáh.

Gáréèjì gidi ni kí ẹ ti wọkọ̀, pàápàá ní Berger. Mọ́tò aládàáni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ké «Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan ṣoṣo!», ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo yẹn jẹ́ ẹlòmíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́ tàbí tí ẹ bá kọjá Mowé, kí oòrùn ṣì wà lójú sánmà. Ẹ̀yin tí ẹ gba Ẹ̀pẹ́, ẹ yọ owó mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde sọ́tọ̀ sínú àpò míì kí ẹ tó yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní Olúwo.